Bí A Bá Fa Gbùrù Wayfarer, Ṣé Yóò Fa Igbó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ní Ìwòròkò-Èkìtì wo Breaking Bad tán, a wo Better Call Saul tán, a wá bẹ̀rẹ̀ Pluribus. Bí mo ṣe rí orúkọ Wayfarer nínú Pluribus ni mo fò sókè, torí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú yẹn ló ni èyí tó já nínú Breaking Bad. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀rí ti dé, pé ayé kan náà ni Carol, ẹni tí ìtàn Pluribus dá lé, àti Walter White, olùkọ́ tó di ẹni tó ń se oògùn olóró nínú Breaking Bad, ń gbé. Èmi ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ìjà débi pé kálukú ti ń dá iyán tirẹ̀ gún. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ ìsopọ̀ gidi láàárín eré méjì tí ẹnì kan náà ṣe, àti èyí tí wọ́n kàn fi ń ṣeré?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ìwọ lo jàre lórí Wayfarer, àmọ́ má tíì jó, torí ọ̀rẹ́ rẹ náà rí nǹkan. Vince Gilligan, tó dá Breaking Bad sílẹ̀ ní 2008, tó sì gbé Pluribus jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ayé ọ̀tọ̀ ni ti Pluribus. Lóòótọ́, ìlú Albuquerque ló fi méjèèjì sí. Rhea Seehorn tó ṣe lọ́yà Kim nínú Better Call Saul ló tún ṣe Carol. Wayfarer sì tún yọjú. Síbẹ̀, kò sí Walter White ní òpópónà kejì. Ọkọ̀ yẹn kàn ń ṣẹ́jú sí ìwọ tó o ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ lọ fi odó kan gúnyán.

(Ẹni tí kò bá tíì wo àwọn eré wọ̀nyí tán, kó yáa dúró síbí. Mo máa tú gbogbo rẹ̀ síta.)

Èyí tó o bèèrè ṣìkejì, bí èèyàn ṣe ń mọ̀, òun ló wù mí í dáhùn, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní Adó láti ayé kásẹ́ẹ̀tì. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, kò sí èyí tí n kò gé rí. Lọ́dún kan, ẹnì kan gbé eré àtìgbàdégbà wá, apá mẹ́tàlá, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó apá mẹ́ta. Ilé mẹ́ta la tọrọ, ọ̀kan ní Basiri, ọ̀kan ní Ajilosun, ọ̀kan lójú ọ̀nà Ìkéré. O mọ ilé wa: pálọ̀ yòówù tó o bá wọ̀, kàlẹ́ńdà olóṣèlú á wà lára ògiri. A kò fẹ́ olóṣèlú kankan nínú eré wa. Bẹ́ẹ̀ bí a bá yọ kàlẹ́ńdà, ojú ibi tó wà á mọ́ ju ògiri yòókù lọ, kámẹ́rà á sì mú un. Ni mo bá lọ gbé aago àǹtí mi wá, aago rìbìtì ńlá tí wọ́n ya ẹṣin sí láàárín, tó ti dúró sí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ọjọ́ tí bátìrì ti ṣomi sí i nínú. Ilé tí a bá dé, a ó gbé e kọ́ síbi tí kàlẹ́ńdà wà. Ilé dókítà, aago. Ilé ìyàwó kejì, aago. Ọ́fíìsì lọ́yà, aago ẹlẹ́ṣin, mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tí a dé apá kẹfà, bàbá kan pe nọ́ńbà wa láti Ìjerò. Ó ti wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Ó ní ọmọ bàbá kan náà ni dókítà àti ìyàwó kejì, wọn kò mọ̀ ni, àti pé aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni bàbá wọn kú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹni tó kọ eré kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fún òun ní bíírò. Ní apá kọkànlá, dókítà wọ ilé ìyàwó kejì, ó gbójú sókè, ó rí aago, ó sì rọra jókòó bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá Ìjerò kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó pè wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó ti rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ìsopọ̀ gidi ni èyí tí òǹkọ̀wé ti pète láti ìbẹ̀rẹ̀, n kì í gbà. Àwọn àgbà ní bí a bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó. Òun ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Fà á wò. Bí o bá fà á tí eré kejì mì, ìsopọ̀ ni, ìgbà yòówù kí wọ́n ti so ó. Bó bá já sí ọ lọ́wọ́, ewé lásán lo dì mú.

Ewé lásán pọ̀ ju bó o ṣe rò lọ. Ìwé ìròyìn kan wà nínú eré àwọn ará Amẹ́ríkà, tó ní àwòrán ọmọbìnrin onírun dúdú kan lójú ewé. Ojú ewé kan náà yìí ni wọ́n ń kà nínú Married... with Children, nínú Scrubs, nínú Modern Family. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i ń wá awo tó wà ńbẹ̀. Kò sí awo. Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Earl Hays Press ló ń ta á fún àwọn tó ń ṣe eré, torí bí o bá gbé ìwé ìròyìn gidi síwájú kámẹ́rà, o ní láti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ oníwèé, lọ́wọ́ oníròyìn, lọ́wọ́ ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀. Aago àǹtí mi ni ìwé ìròyìn yẹn. Owó àti wàhálà ló so wọ́n pọ̀.

Wá wo ohun tí mo kà sí ìsopọ̀ gidi. Ní 2009, nínú sáà kejì Breaking Bad, wọ́n gbé apá tí a ti kọ́kọ́ rí lọ́yà Saul Goodman jáde. Peter Gould ló kọ ọ́. Walter àti Jesse tí wọ́n jọ ń se oògùn da nǹkan bojú, wọ́n gbé lọ́yà náà lọ sínú aṣálẹ̀ lóru, wọ́n mú un kúnlẹ̀ síwájú ibojì tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀. Saul bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé òun kọ́, Ignacio ni. Nígbà tó yá, ó bi wọ́n bóyá Lalo kọ́ ló rán wọn. Wọn kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń jẹ́ Lalo. Saul mí kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, eré ń bá tirẹ̀ lọ. Orúkọ méjì, kò tó ìṣẹ́jú kan, ó ti parí.

Nígbà yẹn, àwọn tó kọ ọ́ gan-an kò mọ Ignacio, wọn kò mọ Lalo. Ohun tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń ṣe ni wọ́n fi sí i lẹ́nu: o mọ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ṣe máa ń to orúkọ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gilligan àti Gould fẹ́ ṣe eré mìíràn lórí Saul, orúkọ méjèèjì ti di gbèsè. Better Call Saul, tó ń sọ ìtàn Saul ṣáájú Breaking Bad, bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ọmọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nacho, Michael Mando ló ṣe é. Nacho ni àwọn elédè Sípéènì máa ń gé Ignacio sí. Ó ku Lalo. Ọdún 2018 ni Lalo tó yọ, nínú sáà kẹrin. Nacho wọ ilé oúnjẹ kan, ó bá ọkùnrin kan nílé ìdáná tó ń se oúnjẹ, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, irunmú rẹ̀ gún régé, tó ń ṣe bí ọmọ ilé. Lalo nìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò oògùn olóró ará Mẹ́síkò, Tony Dalton ló ṣe é. Ọdún mẹ́sàn-án ló wà láàárín orúkọ àti ojú.

Ní 2022 wọ́n san gbèsè náà tán. Lalo wọ ilé Jimmy àti Kim lóru (o mọ̀ pé Jimmy ló ń bọ̀ wá jẹ́ Saul), ó de Jimmy mọ́ àga, Jimmy sì ń ké ohun tí a ti gbọ́ lẹ́nu Saul nínú aṣálẹ̀: òun kọ́, Ignacio ni. Lalo kú lóru ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n Jimmy kò fojú kan òkú rẹ̀. Wọ́n sì ti kéde ikú Lalo rí, tó tún yọ láàyè. Ní báyìí, padà lọ wo apá 2009. Kì í ṣe lọ́yà tó ń ṣe bí aláwàdà nìyẹn mọ́. Ọkùnrin tí kò tíì sùn dáadáa láti ọdún mélòó kan ni. Wọn kò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú fídíò àtijọ́, àmọ́ ohun tí ò ń wò ti yí. Gbùrù fa igbó, igbó sì mì láti 2022 dé 2009.

N kò mọ̀ bóyá àwọn òǹkọ̀wé míì á lè ṣe irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ju orúkọ sílẹ̀ báyẹn, wọ́n á fi sílẹ̀ síbẹ̀ ni, tàbí kí wọ́n gbé ẹnì kan wá ní ìṣẹ́jú méjì kó wá jẹ́ orúkọ náà kó sì lọ, kí àwa olùwòran lè pàtẹ́wọ́.

Àní Mike gan-an, bàbá orí pípá tó ń bá Saul ṣiṣẹ́, tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, èèṣì ló bí i. Ní ìparí sáà kejì yẹn, Saul ló yẹ kó wá palẹ̀ ilé Jesse mọ́ lẹ́yìn tí Jane ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ kú. Bob Odenkirk tó ń ṣe Saul ti gba iṣẹ́ mìíràn nínú How I Met Your Mother, ọjọ́ méjèèjì forí gbárí. Wọ́n bá ní kí Saul rán ẹnì kan. Wọ́n pe Jonathan Banks. Iṣẹ́ ọjọ́ kan yẹn di eré méjì.

Ti Ken wá wà láàárín méjì. Nínú Breaking Bad, 2008, ọkùnrin kan wà tó ń pariwo lórí fóònù ní báńkì bí ẹni tó ni ìlú, wọ́n kọ KEN WINS sára nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Walter bá ọkọ̀ náà ní ilé epo, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé ohun tí wọ́n fi ń nu gíláàsì dábùú orí bátìrì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ gbiná lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2016, Jimmy àti Kim bá aláriwo kan pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò làwọn, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jogún ni, àwọn sì ń wá ẹni tó máa bá àwọn tọ́jú owó. Wọ́n mu ọtí rẹ̀ títí, wọ́n fi gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ken náà ni, òṣèré kan náà. Tó o bá mọ̀ ọ́n, o ó rẹ́rìn-ín. Tó ò bá mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tó sọ nù lọ́wọ́ rẹ. Ẹran orí iyán nìyẹn, kì í ṣe iyán.

Ọtí tí wọ́n mu níbẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹkílà Zafiro Añejo ni, ọtí tí wọ́n dá orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún eré. Ní 2011, irú ìgò yẹn gan-an ni Gus Fring, oníṣòwò oògùn olóró, fi májèlé sí, tó gbé e lọ fún Don Eladio, olórí àwọn oníṣòwò oògùn ní Mẹ́síkò. Ìdérí ìgò ti hòtẹ́ẹ̀lì ni Kim mú lọ sílé, tó ń tọ́jú bí ẹni tó ń tọ́jú òrùka. Ìwọ tó o ti rí ohun tí ìgò náà ṣe ní Mẹ́síkò, o kò lè rí ìdérí yẹn kí ara rẹ má gbọ̀n. Kim kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sáà tó kẹ́yìn ní 2022, wọ́n ń kó ẹrù ilé Saul, ìdérí náà já bọ́ sínú gọ́tà, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un. N kò lè ka ìyẹn sí ẹran orí iyán.

Àwọn àlọ́ orúkọ apá, mo kàn máa fọwọ́ kàn wọ́n ni, torí wọ́n dùn ṣùgbọ́n wọn kò jìn. Ní sáà kejì Breaking Bad, orúkọ apá mẹ́rin kan jẹ́ Seven Thirty-Seven, Down, Over, ABQ. Kà wọ́n pọ̀: ọkọ̀ 737 já lórí Albuquerque. Wayfarer rẹ nìyẹn, wọ́n ti sọ ọ́ fún wa kó tó já. Ní sáà kejì Better Call Saul, 2016, mú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ apá mẹ́wàá, tún wọn tò, wàá rí FRINGS BACK, pé Fring ti padà dé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó dé.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà kún rárá ni ìsopọ̀ ti èèyàn ẹlẹ́ran ara. Kí Gilligan tó ní eré tirẹ̀, ó ń kọ fún The X-Files. Ní 1998 ó kọ apá kan lórí ọkùnrin oníbìínú kan tí orí rẹ̀ máa fọ́ bí ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ bá dúró. Ọkùnrin náà burú lẹ́nu, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ ṣe wá láàánú. Bryan Cranston ló ṣe é. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí Gilligan dárúkọ Cranston fún Walter White, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ AMC lọ́ tìkọ̀, bàbá aláwàdà inú Malcolm in the Middle ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Apá 1998 yẹn ni wọ́n gbé fún wọn wò. Ẹ̀dùn Walter ti wà nínú ọkọ̀ yẹn, bí kò tiẹ̀ sí orúkọ kan tàbí ìgò kan tó so wọ́n pọ̀.

Ibi tí ọ̀nà ọ̀rẹ́ rẹ máa gbé e dé nìyí, tó bá ń bá a lọ. Gilligan kan náà, ní 1997, kọ apá X-Files kan tó gbé ọlọ́pàá kan sí, John Munch, tí Richard Belzer ń ṣe. Inú eré mìíràn ni Munch ti wá, Homicide. Dókítà kan láti inú St. Elsewhere sì yọjú nínú Homicide lẹ́yìn náà. St. Elsewhere ńkọ́? Ní 1988, nígbà tó ń parí, wọ́n fi ọmọdékùnrin kan hàn wá tó ń wo inú bọ́ọ̀lù gíláàsì kan, ilé ìwòsàn eré náà sì wà nínú bọ́ọ̀lù ọ̀hún. Àwọn kan wá ní: inú orí ọmọ yẹn ni ilé ìwòsàn wà, nítorí náà inú orí rẹ̀ ni Munch wà, ni X-Files wà, àti gbogbo ibi tí Munch bá fẹsẹ̀ tẹ̀ láti ìgbà náà. Bó bá jẹ́ bá a ṣe ń ka ẹbí nìyẹn, a jẹ́ pé èmi àti gbogbo ẹni tó ti yá àga ṣayẹyẹ rí l'Ádó, ọmọ ìyá kan náà ni wá.

Wayfarer inú Pluribus, èmi á fi wé ọwọ́ ìyá amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì. Ẹni tó mọ ọjà dáadáa á wo etí ìkòkò, á sọ ẹni tó mọ ọ́n. Ìyá kan náà lè mọ ìkòkò àgbo, kó mọ ìkòkò omi, ojú àtàǹpàkò rẹ̀ á wà lára méjèèjì. Kò sẹ́ni tó máa torí ìyẹn sọ pé àgbo ti kán sínú omi. Fa Wayfarer kúrò nínú Pluribus, fi orúkọ mìíràn sí i, ìtàn Carol kò ní yẹ̀ ní ìka kan. Ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n rántí bàbá Ìjerò: eré náà ṣì ń lọ. Bí Gilligan bá jí lọ́jọ́ kan tó béèrè bíírò, ọ̀rẹ́ rẹ á gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ.

Nílé wa níhìn-ín, a kì í fi bò. Saworoide ti Túndé Kèlání ní 1999 àti Agogo Èèwọ̀ ní 2002, Jogbo ni ìlú méjèèjì, gbangba gbàǹgbà. Papa Ajasco ti Wale Adenuga, inú ìwé àwòrán Ikebe Super ló ti rìn wá sórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ìlú ló sì mọ̀. Èmi kò rò pé àìmọ̀ọ́ṣe ni. Ẹni tó ń wo eré tó ní láti dúró de iná mọ̀nàmọ́ná kò ní àyè àti dá fídíò dúró kó máa ka ara ìgò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dátà ni ìṣòro yìí wà fún.

Mo fẹ́ kí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ jọ wo ibì kan padà. Sáà kẹta Breaking Bad, 2010, apá tí Gus ti kọ́kọ́ mú Walter sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ńlá tí wọ́n ti ń se oògùn olóró lábẹ́ ilé ìfọṣọ. Walter ń rìn káàkiri, ó ń fọwọ́ kan irin, ẹnu ń yà á bí ọmọ tó kọ́kọ́ dé Ìkógòsì. Kámẹ́rà fẹ́ kó o wo àwọn ẹ̀rọ tó ń dán. Má wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n ya apá yẹn, ilẹ̀ lásán ló wà lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà ni Better Call Saul fi hàn wá pé kí wọ́n tó parí yàrá yẹn, Mike àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti sin èèyàn méjì síbẹ̀, Lalo àti Howard Hamlin, lọ́yà kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n gbé wọn sínú ihò kan náà. Walter àti Jesse á ṣiṣẹ́ lórí wọn, wọ́n á jà lórí wọn, wọ́n á jẹun lórí wọn. Ẹ dá fídíò dúró nígbà tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn, kí ẹ jọ wo ilẹ̀ náà dáadáa.